Ẹ gbà mí o: ẹgbẹ́ olórin tó mọ Obey kọ ní Kàbà, Sátidé tó ń bọ̀

ỌmọOdòlú: Okun gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, mo ń wá ẹgbẹ́ olórin tó mọ orin Ebenezer Obey kọ dáadáa, fún bàbá mi. Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni. Àwọn tá a ti bá sọ ọ́ já wa kulẹ̀ láàárọ̀ òní. Bàbá ò fẹ́ DJ. Wọ́n ní tí kì í bá ti í ṣe Obey, ká jẹ́ kí ilé dákẹ́. Ta lẹ mọ̀? Ẹ dákun, ojú ń kán mi.

Tísà_Ìsánlú: Okun o. Ọjọ́ ìbí ni àbí oyè? Inú ilé ni àbí pápá? Èló lẹ fẹ́ ná? Ẹ ò tíì sọ nǹkan kan fún wa.

ÌyáÌbejì_Mọ̀pà: Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń lẹ táyà lọ́nà Ìyàrà, ẹ béèrè bàbá onígángan. Ta ni ò mọ̀ wọ́n? Wọn kì í gba owó gọbọi.

AráÌyàrà: Màmá, bàbá yẹn ti kó lọ sí Lọ́kọ́ja. Ọmọ wọn ló kù níbẹ̀, táyà nìkan lòun mọ̀ ọ́n lẹ̀.

Àǹtí_Ẹ̀gbẹ̀: Àbúrò, kó o tó fún ẹnikẹ́ni lówó, jọ̀ọ́ ka tèmi. Nígbà tá a ń sìnkú màmá mi, a gba ẹgbẹ́ olórin kan. N ò ní dárúkọ wọn. A san ìdajì ṣáájú. Ìgbà tí àlejò ti ń dágbére ni wọ́n tó dé, wọ́n ní trélà sìmẹ́ńtì há sójú ọ̀nà Ọ̀bájánà. Ìyẹn ò dùn mí, gbogbo wa la mọ ọ̀nà yẹn. A ti kọ orúkọ màmá àti oríkì wọn sórí bébà, a kọ orúkọ àwọn àgbà ẹbí sí ìsàlẹ̀, kó lè kí wọn. Olórí wọn tẹjú mọ́ bébà, ó ṣi ìlà gbé. Ìyá ọkọ mi, tó jókòó síwájú pẹ̀lú ẹran lẹ́nu, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kì. "Sùn un re o, ó dàárọ̀ o." Ìyá nà ró, wọ́n já gèlè kúrò lórí, wọ́n fi ń na tábìlì: "Èmi kọ́! Èmi kọ́ ló kú!" Onígángan ò gbọ́, ó ṣáà ń lù ú lọ. Ọkọ mi ló já makirofóònù gbà.

ÌyáÌbejì_Mọ̀pà: Yéè! Ẹ̀rín pa mí. Ìyá ọkọ yín wá ńkọ́?

Àǹtí_Ẹ̀gbẹ̀: Ewúrẹ́ la fi bẹ̀ wọ́n. Títí dòní, bí wọ́n bá gbọ́ gángan, wọ́n á wọlé.

Ọ̀dọ́_Ògìdì: Àǹtí, ẹ dárúkọ ẹgbẹ́ náà ká lè sá fún wọn. Ṣé àwọn tó máa ń wọ funfun balau yẹn ni?

Àǹtí_Ẹ̀gbẹ̀: Mo ní n ò dárúkọ. Kì í ṣe àwọn yẹn.

AráÌyàrà: Ó jọ pé mo mọ̀ wọ́n. Ṣé olórí wọn kúrú?

OníKánópì: Ẹni tó ń ṣe ìnáwó, ṣé ẹ ti rí kánópì àti àga yá? Kàbà níbí ni mo wà.

SunnyNìkan: Ká ní Sunny Ade ni bàbá yín fẹ́, gbogbo èyí ò ní sí. Kò sẹ́gbẹ́ tí ò mọ tiẹ̀ kọ. Sunny ń mú ni jó, Obey ń wàásù.

AráÌyàrà: Ẹ má bẹ̀rẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ Sunny àti Obey ti tú ìpàdé ẹgbẹ́ wa ká rí.

Tísà_Ìsánlú: Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Àǹtí gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bàbá yìí yé mi. Ẹgbẹ́ tó mọ orin kọ pọ̀. Èyí tó máa dà bíi pé bàbá yín nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀ ló ṣọ̀wọ́n.

Awakọ̀ akẹ́rù ni bàbá tèmi. Obey tí wọ́n bí ní Ìdógò lọ́dún 1942, tó dá ẹgbẹ́ olórin rẹ̀, International Brothers, sílẹ̀ lọ́dún 1964, kò mọ̀ ọ́n rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba ní ká kúrò lápá òsì títì, ká bọ́ sápá ọ̀tún, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, Obey kọ ọ́ lórin. Bàbá mi ní òun gan-an ló ń kìlọ̀ fún. Bí orin bá ń lọ nínú rẹ́díò, Obey á pòwe kan, á dákẹ́ díẹ̀, gángan á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Inú àlàfo yẹn ni bàbá mi ti máa ń dáhùn. Á gbé ife kalẹ̀, á ní "Hẹn, o wí i re." Rẹ́díò ló ń dá lóhùn o! Àwọn ọlọ́lá Èkó tí Obey ń kì, bàbá mi mọ ọmọ wọn, ó mọ ìyàwó wọn. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn kú, bàbá mi ò jáde lọ́jọ́ náà. Àwa ọmọ rò pé ẹbí wa ni.

Ọ̀dọ́_Ògìdì: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ṣebí àwọn ọlọ́lá yẹn ń náwó fún un lójú agbo ni. Òwò ni. Ibo ni ti ìfẹ́ wà níbẹ̀?

Tísà_Ìsánlú: Ẹni tí wọ́n kì ló náwó. Bàbá mi tí wọn ò kì ló wá jẹ adùn ẹ̀. Ṣé ó ná an ní kọ́bọ̀ ni?

SunnyNìkan: Sunny náà ń kì èèyàn.

ỌmọBùnú: Kí ló dé tó jẹ́ orin ará Ẹ̀gbá bí Obey la máa kọ fún bàbá Owé, ọmọ Kàbà? Ṣé a ò ní orin ni? Ẹ pe àwọn ìyá wa tó ń kọrin ìbílẹ̀. Àwọn mọ ilé tí bàbá yín ti wá, wọn ò nílò bébà.

ÌyáÌbejì_Mọ̀pà: Òótọ́ lo sọ o. Àmọ́ ìyá mi tí èdè Bùnú ò kúrò lẹ́nu ẹ̀, Obey ló fi ń gún iyán.

OníKánópì: Mo tún ní jẹnẹrétọ̀ tí kì í pariwo.

ỌmọOdòlú: Ẹ ṣeun gan-an ni. A ti yanjú ẹ̀. Àwọn tó já wa kulẹ̀ ti pè padà, ẹni tó fowó tó pọ̀ jù tiwa lọ̀ wọ́n ti sún ọjọ́ ẹ̀. Àwọn náà la ń lò. Mo ka ọ̀rọ̀ Àǹtí fún Bàbá, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fún wọn ní bébà kankan, kí olórí wọn sùn sílé wa mọ́jú Sátidé, àwọn á ro ìtàn ara àwọn fún un.

AráÌyàrà: Àwọn tó já yín náà? Háà.

Àǹtí_Ẹ̀gbẹ̀: Àbúrò, má san gbogbo owó ṣáájú o!

ỌmọOdòlú: Mo ti san án, Àǹtí.