Ìlú àjèjì tí ẹ̀yin méjèèjì jọ dé: kí lẹ kọ́kọ́ rí?

Ọlọ́jà Ìròyìn: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ọkọ tàbí aya yín rìnrìn àjò lọ síbi tẹ́ ò mọ ẹnikẹ́ni, kí lẹ kọ́kọ́ rí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wọ̀lú? Dubai ò sí níbẹ̀ o. Dubai ti sú wa.

Ìyá Ẹniọlá: Isfahan ni tiwa, ní Ìránì, lọ́dún 2017. Látìgbà tí ọkọ mi ti gbọ́ pé àwọn ará ibẹ̀ máa ń pe ìlú wọn ní ìdajì ayé ni kò ti jẹ́ kí n sinmi. A wọ bọ́ọ̀sì láti Tehran, ilẹ̀ gbígbẹ lọ́tùn-ún lósì. Odò ni mo ń rò ní tèmi. Mo ti rí afárá Si-o-se-pol nínú fọ́tò, ihò mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, iná ń tàn nínú wọn, omi ń dán lábẹ́ wọn. A débẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹ̀kán omi kan ò sí! Yanrìn àti amọ̀ tó ti sán. Àwọn ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ṣe bíi pẹ́pẹ́yẹ funfun ọlọ́rùn gígùn wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, wọ́n na ọrùn bí ẹni tó ń retí àlejò. Àwọn ọmọkùnrin ń gba bọ́ọ̀lù níbi tó yẹ kí ẹja wà. Ọkọ mi wò ó títí, ó ní, "Àbí wọ́n ti pa á ni?" Bíi pé iná mànàmáná ni odò.

Ọ̀rọ̀ takisí, ẹ jẹ́ ó di ọjọ́ mìíràn. Baba Ẹniọlá wà níbí, ó ń kà á.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ọjọ́ mìíràn wo? Ẹ sọ ọ́.

Alhaja Kékeré: Ẹ sọ ọ́ jàre.

Àgbà Ìwé: Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Dúródọlá: Àgbà Ìwé, odò yìí ò gbàgbé ẹnikẹ́ni. Èèyàn ló ń fa omi rẹ̀. Dáàmù wà lókè odò, wọ́n ń fa omi lọ sí ìlú Yazd, wọ́n ń fa á lọ sóko àti ilé iṣẹ́, ọ̀dá tún wá dá sí i. Zayandeh Rud lorúkọ ẹ̀, ìtumọ̀ ẹ̀ ni odò tó ń fúnni ní ìyè. Ní oṣù kọkànlá 2021, inú odò gbígbẹ yẹn làwọn àgbẹ̀ kóra jọ sí, tí wọ́n ń bèèrè omi. Torí náà, ẹ má fi ọkọ Ìyá Ẹniọlá ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n pa á lóòótọ́. Ìgbà tí wọ́n bá ṣí i, gbogbo ìlú á kó kẹ́tùlù àti ẹní lọ sétí odò.

Baba Ẹniọlá: Ẹ ṣeun o, Dúródọlá. Ọdún wo ni mo ti ń gba ẹ̀sín yìí!

Ìyá Ẹniọlá: Ó dáa, takisí wá kàn. Lọ́jọ́ kejì a wọ takisí lọ sí Naqsh-e Jahan, gbàgede ńlá àárín ìlú. Ọkọ mi yọ owó. Awakọ̀ fọwọ́ lé àyà, ó tẹrí ba díẹ̀, ó ní "ghabel nadare". Ìyẹn ni pé kò tó nǹkan, ẹ má wulẹ̀ san án. Ọkọ mi ní, "Háà, bàbá, Ọlọ́run á san án fún yín." Ó kó owó padà sápò. Ó ti ilẹ̀kùn. A ò tí ì rìn jìnnà tá a fi ń gbọ́ họ́ọ̀nù lẹ́yìn wa.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: 😂😂😂 Ó kó o sápò!

Baba Ẹniọlá: Mi ò sá o. Ẹni tó ní kí n má san, kí ni kí n fi ṣe é? Mo tiẹ̀ ti ń wúre fún un.

Dúródọlá: Taarof nìyẹn, sà, àṣà ìbọ̀wọ̀ fúnni tiwọn. Ó gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́, ìwọ náà gbọ́dọ̀ fi lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, á gbà á. Ọlọ́jà náà ń ṣe é, aláta náà ń ṣe é.

Alhaja Kékeré: "Ẹ wá jẹun" tiwa náà kọ́ nìyẹn? Ta ló máa ń jókòó? "Ó á gba ibi ire" là ń fèsì, tá a sì ń bá tiwa lọ.

Àgbà Ìwé: Rárá o, Alhaja. Nílé bàbá mi, tó o bá jókòó, wọ́n á bu tìẹ. Ìpè òtítọ́ ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Nílé bàbá tèmi, tó o bá jókòó, ìyá mi á wo bàbá mi.

Àgbà Ìwé: Ìjẹ̀bú ni yín náà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ má dá a sílẹ̀ o.

Alhaja Kékeré: Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtìjú tèmi. Èmi àti Alhaji náà lọ sí Isfahan. Mọ́sálásí Shah yẹn, ẹnu ọ̀nà ẹ̀ kọjú sí gbàgede, ṣùgbọ́n tó o bá wọlé, gbogbo ilé yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè kọjú sí Mẹ́kà. Mo gbádùn ìyẹn gan-an. Ṣùgbọ́n ní mọ́sálásí kékeré tá a ti kírun, mo rí àpótí kan tó kún fún nǹkan róbótó kéékèèké. Mo mú ọ̀kan, mo gba ibi omi lọ.

Táíwò Ìlú Ọba: Ọṣẹ?

Alhaja Kékeré: Ohun témi náà rò nìyẹn! Arábìnrin kan ló di ọwọ́ mi mú. Amọ̀ ni. Àwọn Ṣíà máa ń fi iwájú orí kàn án tí wọ́n bá forí kanlẹ̀. Alhaji ò bá mi sọ̀rọ̀ títí di alẹ́.

Táíwò Ìlú Ọba: Àwa tá a ní ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í jẹ́ ká dá rìn. Afinimọ̀nà ló ń sanwó takisí wa. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni beryani. Mo rò pé ìrẹsì ni. Wọ́n gbé búrẹ́dì pẹlẹbẹ wá, ẹran àgùntàn lílọ̀ àti fùkù lórí ẹ̀. Ìyàwó mi jẹ tiẹ̀, ó jẹ tèmi.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Fùkù dùn. Kí lẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀?

Táíwò Ìlú Ọba: Ìrẹsì ni mo fẹ́.

Dúródọlá: Tahdig ni kó o bèèrè. Ìrẹsì tó jó mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Wọ́n ń jà sí i níbẹ̀.

Àgbà Ìwé: Èyí tí ìyá mi fi ń bá wa wí pé a jó ìrẹsì?

Ọlọ́jà Ìròyìn: Owó ńkọ́? Mo gbọ́ pé káàdì ò ṣiṣẹ́.

Ìyá Ẹniọlá: Kò ṣiṣẹ́ rárá, káṣì la kó lọ. Ọgọ́rùn-ún dọ́là dé, a gba ríàlì tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta, ọkọ mi ń rìn bí ọba. Ṣùgbọ́n tó o bá dé ọjà, "tóománì" ni wọ́n ń pè. Ríàlì mẹ́wàá ni tóománì kan, wọ́n á tún gé ẹgbẹ̀rún kúrò lẹ́nu. Ẹni tó ń ta gaz ní "ogún". Mo na ríàlì ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún sí i, àṣé tóománì ló ń wí. Ó wò mí bí ọmọ ẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Gaz kẹ̀? Èyí tá a fi ń dáná?

Ìyá Ẹniọlá: Midinmíìdìn funfun ni, ó ń fà mọ́ eyín.

Ọlọ́jà Ìròyìn: Baba Ẹniọlá, ẹ̀yin náà ẹ sọ èyí tó dùn mọ́ yín.

Baba Ẹniọlá: Afárá Khaju lálẹ́. Àwọn àgbà ọkùnrin máa ń jókòó sábẹ́ ẹ̀, ọ̀kan á kọrin, àwọn tó kù á dákẹ́, ohùn náà á máa dún láti ihò dé ihò. Wọ́n rí wa, wọ́n ní kí a kọ tiwa. Ìyá Ẹniọlá ló lóhùn nílé wa, ṣùgbọ́n wọn ò gbà kí obìnrin dá kọrin ní gbangba níbẹ̀. Ló bá di tèmi. Orin òjò àwọn ọmọdé nìkan ló wá sí mi lẹ́nu.

Ìyá Ẹniọlá: Ohùn bíi ti ewúrẹ́. Wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un!

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ṣé òjò rọ̀?

Baba Ẹniọlá: Kò rọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n fún mi ní tíì. Mo kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbà á.