Báwo ni èèyàn ṣe ń yí láti káàdì ìta (eGPU) sí káàdì inú lórí géèmù ọwọ́ tí kò fi ní gan?

ỌmọMọ́lípa

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀rọ géèmù ọwọ́ oní-Windows 11 ni mò ń lò. Ó ní ihò USB4 (USB-C tó yára) méjì, RAM ẹ̀ jẹ́ 16GB, káàdì inú ẹ̀ jẹ́ Radeon. Mo ní àpótí eGPU (àpótí ìta tó ń gbé káàdì tó ń ya àwòrán géèmù) tí káàdì RX 6600 wà nínú ẹ̀. Tí mo bá so wọ́n pọ̀, àwọn géèmù kan ṣì máa ń lo káàdì inú, fáànù tìta ò tiẹ̀ ní yí. Tí mo bá yọ kébù kí n lè gbé ẹ̀rọ jáde, ojú ẹ̀ á ṣú dùdù. Tí wọ́n bá sì mú iná lọ nígbà tí géèmù ń lọ lọ́wọ́ (Ìjẹ̀bú-Òde là ń gbé, ẹ̀yin náà mọ̀), gbogbo ẹ̀ á gan. Àwọn kan ní kí n lọ fi Disable pa káàdì inú nínú Device Manager. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

BàbáGéèmù_Ìkẹ́nnẹ́

Àbúrò, má pa káàdì inú o. Ara ẹ̀ ni wọ́n so ojú ẹ̀rọ ọwọ́ mọ́ láti ilé iṣẹ́. Kò sí wáyà tó ti káàdì ìta lọ síbẹ̀ tààrà. Tó o bá pa á, Microsoft Basic Display Adapter ni Windows á fi rọ́pò ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ ò ní ṣeé dín kù mọ́, fídíò á máa fà, ọjọ́ tó o bá sì tan án láìso àpótí, o ò ní rí géèmù gidi kan gbá.

Géèmù tó ti ń lọ kì í ti orí káàdì kan fò sí òmíràn. Ìgbà tó bá ń ṣí ló ń yan káàdì, inú VRAM (mẹ́mọ́rì) káàdì yẹn náà ló sì ń kó àwòrán ẹ̀ sí. Tí káàdì bá pòórá lójijì, kò sí ohun tó máa dì mú. Nítorí náà, kó o pa géèmù kó o sì tún un ṣí ni yíyí tí à ń sọ. Ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ kò nílò àtúntàn tó bá jẹ́ USB4.

Tó o bá fẹ́ yọ ọ́, séèfù, jáde nínú géèmù pátápátá, kó o pa launcher ẹ̀ (ètò tó ń ṣí i) náà. Ṣí Task Manager, bọ́ sí Details, fi òpó GPU engine kún un láti Select columns. Wàá rí ètò tó wà lórí GPU 0 àti èyí tó wà lórí GPU 1. Abala Performance ló máa sọ èwo nínú wọn ni RX 6600. Discord, Steam àti bíráúsà ló sábà máa ń dì mọ́ káàdì ìta láìjẹ́ pé èèyàn fura. Pa wọ́n. Wá tẹ Safely Remove Hardware tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, kó o yan káàdì náà. Ojú ẹ̀rọ á ṣẹ́jú, á padà. Ìgbà yẹn ni kó o tó fa kébù.

Tó bá ní nǹkan kan ṣì ń lò ó, má fi agídí ṣe é. Pa ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n di Shift mú bó o ṣe ń tẹ Shut down. Fast Startup kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ kú tán: ó ń tọ́jú apá kan Windows sórí dísìkì, ìyẹn á sì jí padà pẹ̀lú èrò pé káàdì ṣì wà níbẹ̀. Má yọ kébù nígbà tí ẹ̀rọ bá ń sùn pẹ̀lú. Ojú dúdú pọ̀ níbẹ̀.

Ní ti géèmù tó kọ káàdì ìta: Settings, System, Display, Graphics. Fáìlì .exe géèmù gan-an ni kó o mú, má mú ti launcher. Yan High performance, kó o wo orúkọ káàdì tí Windows kọ síbẹ̀. Tí kì í bá ṣe RX 6600, yan Specific GPU. Àwọn géèmù kan tó ń lo Vulkan (ọ̀nà kan tí géèmù ń gbà bá káàdì sọ̀rọ̀) kì í ka ètò yìí sí, inú menu tiwọn ni wàá ti yàn án.

Àdùkẹ́_Ìpẹru

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n, àmọ́ lójú tèmi, ibi tí mọ́nítọ̀ wà ṣe kókó ju Graphics Settings lọ. Ara àpótí ni kẹ́ ẹ ki HDMI tàbí DisplayPort bọ̀, kì í ṣe ara ẹ̀rọ ọwọ́. Ẹ wá tẹ Win+P, ẹ mú Second screen only. Ọ̀pọ̀ géèmù ló máa bá káàdì tó ń darí mọ́nítọ̀ yẹn lọ láìjẹ́ pé ẹ yan nǹkan kan. Kẹ́ ẹ tó yọ kébù, ẹ dá a padà sí PC screen only.

Tó bá jẹ́ ojú ẹ̀rọ ọwọ́ lẹ fẹ́ máa wò, ẹ ó pàdánù agbára díẹ̀. Gbogbo fréèmù tí káàdì ìta bá yà ló gbọ́dọ̀ gba inú kébù kan náà padà sọ́dọ̀ káàdì inú, bí ẹni tó ru ẹrù lọ sọ́jà tó tún ru ú bọ̀ lójú ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo. USB4 tí wọ́n ń pè ní 40Gbps, 32Gbps ni PCIe (ọ̀nà tí dátà káàdì ń gbà) lè rí gbà jù nínú ẹ̀, tí yóò sì tún dín kù lójú iṣẹ́. OCuLink (ihò mìíràn tí wọ́n fi ń so àpótí mọ́ ẹ̀rọ) oní-PCIe 4.0 x4 sún mọ́ 64Gbps, ṣùgbọ́n kò ṣeé yọ nígbà tí ẹ̀rọ bá wà lórí iná: ẹ gbọ́dọ̀ pa méjèèjì. Kì í gbé iná ṣájà náà. Ẹni tó ń gbé ẹ̀rọ jáde lójoojúmọ́, mi ò rí ohun tó fẹ́ fi OCuLink ṣe.

RAM 16GB yẹn náà ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá ti ya 8GB sọ́tọ̀ fún káàdì inú nínú BIOS (ètò tó ń ṣí ṣáájú Windows), 8GB péré ló kù fún Windows àti géèmù, káàdì ìta ò sì ní fi èyí tẹ́ ẹ yà sọ́tọ̀ ṣe nǹkan kan. Ẹ fi sí Auto tàbí 4GB. Ẹ gbé agbára ẹ̀rọ láti 15W lọ sí 25W tàbí 30W nígbà tẹ́ ẹ bá so àpótí, àìṣe bẹ́ẹ̀ CPU ni yóò máa fa káàdì sẹ́yìn.

AMD nínú, AMD níta: dráífà Adrenalin kan ló ń ṣiṣẹ́ fún àwọn méjèèjì. Windows Update lè wá fi dráífà àtijọ́ lé e lórí, kẹ́ ẹ wá máa rí Code 43 (àṣìṣe tí Windows fi ń sọ pé òun ti dá káàdì dúró). Ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wọ Safe Mode, ẹ fi DDU (ètò tó ń yọ dráífà kúrò pátápátá) fọ̀ ọ́, ẹ tún fi tuntun sí i.

Linux_Ìjẹ̀búIgbó

Ẹni tó bá wà lórí Bazzite (Linux tí wọ́n ṣe fún géèmù) dípò Windows: `boltctl` ló máa sọ bóyá ẹ̀rọ ti gba àpótí láyè. Lẹ́yìn náà, nínú Launch Options Steam, ẹ kọ `DRI_PRIME=1 %command%`. Gamescope tó ń darí Game Mode, ìgbà tó bá ń tan ló ń mú káàdì kan, kò sì ní fi í sílẹ̀ títí yóò fi kú. Ẹ bọ́ sí Desktop Mode kẹ́ ẹ tó so tàbí kẹ́ ẹ tó yọ. Steam Deck ò ní USB4 rárá, kí ẹnikẹ́ni má lọ ra àpótí USB4 fún un.

ỌmọMọ́lípa

Ẹ ṣé gan-an. Ti iná ńkọ́? Mo sì fẹ́ kébù mítà 2 kí àpótí lè wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n.

Rẹ́wáyà_Màkún

Kébù kọ́kọ́. Èyí tí kò ní ẹ̀rọ nínú (passive), 0.8 mítà ni kó o má kọjá tó o bá fẹ́ 40Gbps. Mítà 2 wà, àmọ́ Thunderbolt 4 (irú kébù tó bá USB4 mu) gidi ni kó jẹ́, ó sì wọ́n. Wo orí kébù, ó yẹ kí nọ́ńbà 40 (ti USB4) tàbí àmì mọ̀nàmọ́ná pẹ̀lú 4 (ti Thunderbolt 4) wà níbẹ̀. Kébù C sí C tí wọ́n ń tà fún fóònù ní Fọlágbadé, ṣájà ni púpọ̀ nínú wọn wà fún, wọn ò ní gbé PCIe.

Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, bátìrì gbé ẹ̀rọ ọwọ́ dúró, àpótí sì kú. Lójú Windows, bí ìgbà tó o já kébù ni. UPS ni oògùn ẹ̀. RX 6600 ń jẹ tó 132W. Fi 65W ṣájà àti àdánù inú páwà kún un, ó ti lé ní 200W. UPS 650VA sábà máa ń gbé bíi 360W, ìyẹn tó fún ìṣẹ́jú mélòó kan tó o fi máa séèfù kó o sì yọ ọ́ bí ẹ̀gbọ́n Ìkẹ́nnẹ́ ṣe ṣàlàyé. Má ki mọ́nítọ̀ ńlá àti tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn.

Páwà ATX (ẹ̀yà tó ń fún àpótí ní iná) tó ní active PFC (ohun tó ń tún bó ṣe ń fa iná ṣe) kì í gbà pẹ̀lú gbogbo UPS. Ti olówó pọ́ọ́kú, iná ẹ̀ kì í ṣe sine tó mọ́ (ìyẹn, kì í lọ sókè sódò dọ́gba bí iná ara ògiri), páwà lè kú níbi tí UPS ti ń yí sórí bátìrì. Dán an wò kó o tó gbọ́kàn lé e: ṣí géèmù kan tí o ò ní dunnú sí, kó o fa UPS kúrò lára ògiri. Tí àpótí bá kú, wá UPS oní-pure sine wave.

Tí iná bá dé, má kánjú. Jẹ́ kó dúró ná. Tan àpótí, kí fáànù ẹ̀ yí, kó o tó ki kébù USB4 bọ ẹ̀rọ ọwọ́.