Àbábọ̀ ìbéèrè mi lórí ìwé àṣẹ mandamus
Ẹ rántí pé mo béèrè bóyá ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Amẹ́ríkà lè fi mandamus, ìyẹn àṣẹ tí ilé ẹjọ́ tó ga jù fi ń darí adájọ́ ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀, dá àṣẹ adájọ́ wa dúró kí ẹjọ́ tó parí, nítorí adájọ́ náà ní kí a kó lẹ́tà àṣírí àárín àwa àti lọ́yà wa fún alátakò. Wọ́n ti gbà fún wa! Ohun mẹ́ta tí ẹjọ́ Cheney, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ní 2004, là sílẹ̀ ni wọ́n wò: kò sí ọ̀nà mìíràn láti rí àtúnṣe, ẹ̀tọ́ wa hàn kedere, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ló dùn mọ́ mi jù: àṣírí tó bá ti tú kò ṣeé kó padà, nítorí náà ìpẹ̀jọ́ lẹ́yìn ìdájọ́ kò lè tún un ṣe. Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tí a ní kí wọ́n sún, wọ́n kọ̀. Ìkáwọ́ adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ni ìyẹn wà. Ẹ ṣeun gan-an, mo pa ìbéèrè yìí dé.