Ògiri ilé màmá wa ń bó, ṣé ewúro ló fà á?

Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló mọ̀ nípa ọ̀dà nínú yín? Ilé màmá wa àgbà l'Adó-Èkìtì la fẹ́ kùn kí Kérésì tó dé, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ni, àmọ́ ìsàlẹ̀ ògiri tó wà lápá ọgbà ń bó ṣáá, téèyàn bá fọwọ́ kàn án á ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, nǹkan funfun kan bí iyọ̀ á wà lábẹ́ ẹ̀. Pẹ́ńtà ní ká hú ewúro ibẹ̀ dànù, pé omi tá à ń bu sí i ló fà á. Ṣé òótọ́ ni? Màmá ló fọwọ́ ara wọn gbìn ín, ìdí ẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kì wá nírọ̀lẹ́, mi ò lè hú u o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ká ha ògiri yẹn ká tún un rẹ́ ni, àbí ọ̀dà kan wà tó ń gba ọ̀rinrin?