Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé lẹ́nu wa: ẹ wá sọ èyí tó ṣojú yín

Olùkọ́ Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò BEPC, ti ìparí ìpele kìíní ilé ìwé girama ní Benin wa níbí, ní Gẹ̀ẹ́sì nírọ̀lẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ti kó ọ̀kan nínú wọn láyà jẹ pátápátá. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹran ní ọjà Ouando, ni mo bá bi í pé kí ni àwọn oníbàárà tó ń sọ Faransé ń pe ẹran orí àtẹ wọn. Kíá ló dáhùn: ti màlúù ni "bœuf", ti àgùntàn ni "mouton". Ó ní ìyá òun kì í ta ẹlẹ́dẹ̀, ṣùgbọ́n "porc" ni wọ́n ń pè é.

Mo kọ "beef", "mutton" àti "pork" sí ẹ̀gbẹ́ wọn lára pátákó. Ọmọ náà dìde, ó ń fi ìka tọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ ń mì. Ó ní, "Madame, ọ̀kan náà mà ni!"

Ọ̀kan náà ni lóòótọ́. Ní 1066, William, olórí Normandy nílẹ̀ Faransé, kógun ja England, ó sì gbà á. Faransé ni wọ́n wá ń sọ láàfin àti ní kóòtù. 1362 ni wọ́n tó ṣòfin pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi rojọ́. Àwọn tó ń sin ẹran lóko kò yí ohùn padà ní tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni ẹran tó ń jẹko ṣe ń jẹ́ "cow" àti "sheep" títí dòní. Ó pẹ́ díẹ̀ o, kí orúkọ Faransé tó dúró sórí ẹran inú àwo nìkan.

Ó tún bi mí nípa "b" inú "debt" tí ẹnikẹ́ni kì í pè. Lọ́dọ̀ Faransé náà ni wọ́n ti mú un, "dette", kò sì sí "b" níbẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó fẹ́ràn Látìn ló rántí "debitum", ni wọ́n bá ki "b" bọ̀ ọ́.

Ó ń dùn mí tí àgbàlagbà bá ń sọ fún ọmọ pé Gẹ̀ẹ́sì le. Ọmọ tó ti gbọ́ Faransé ti mọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dẹ́rù bà wọ́n mọ́. Ta ló kù?

Mẹkáníìkì Kétu

Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́. Àwọn awakọ̀ láti Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà máa ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Yorùbá la jọ ń sọ, àfi tí ọkọ̀ bá kọṣẹ́. Ọ̀kan ní kí a yẹ "púlọ́ọ̀gì" wò, ọmọṣẹ́ mi kàn ń wò ó. "Bougie" la kọ́ ọ sí, orúkọ àbẹ́là náà sì ni. Mo tú u jáde, orí rẹ̀ ti dúdú kirimú, mo ní, "Ṣé èyí ni?" Ó ní òun gan-an ni. "Bíréèkì" wọn ni "frein" wa, "táyà" wọn ni "pneu". Méjèèjì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ mi báyìí kí wọ́n tó gbòmìnira.

Ìyá Ìbejì

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá ṣe òkú láti Ìbàdàn. A ní kí wọ́n bá wa wá ibi tí wọ́n ti ń yáni ní àga. Wọ́n pè mí lórí fóònù: "Ìyàwó, àwọn wọ̀nyí kọ 'Location' sára pátákó wọn, wọn ò kọ àdúgbò kankan sí i." Iwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń wá gan-an ni wọ́n dúró sí!

Olùkọ́ Àjàṣẹ́

Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. "Locare" ti Látìn ló bí méjèèjì: ó túmọ̀ sí kí a gbé nǹkan síbì kan, ó sì tún túmọ̀ sí kí a fi yáni. Gẹ̀ẹ́sì mú ti àkọ́kọ́, Faransé mú ìkejì.

Ọmọ Sábẹ̀ẹ́

Àbúrò mi ń wo fíìmù, awakọ̀ òfúrufú ń ké "Mayday". Ó bi mí pé ṣé ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ni. Mo ní kó pè é bíi Faransé: "m'aidez", ẹ ràn mí lọ́wọ́. Ní 1923 ni wọ́n mú un ní pápákọ̀ òfúrufú Croydon ní London, nítorí ọkọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ibẹ̀ àti Le Bourget ní Paris pọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa ń pè é tẹ̀léra, kí ẹni tó ń gbọ́ má baà ṣì í gbọ́.