Ṣé yíyin ìbọn ṣakabùlà àtijọ́ máa ń dín owó rẹ̀ kù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ. Ṣakabùlà bàbá wa àgbà wà ní àjà ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Akọ òkúta ló fi ń ṣáná. Wọ́n tẹ adé kékeré àti "TOWER" sára irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bíi ti àwọn tí wọ́n ń kó wá láti ìlú òyìnbó nígbà kan.

Ẹnì kan tó ń kó ohun àtijọ́ jọ fẹ́ rà á, ó ní ká má yìn ín rárá. Àmọ́ àwọn ọdẹ ẹbí ní dandan ni kó dún níbi ìsípà, ètùtù ìkẹyìn tí ọdẹ ń ṣe fún ọdẹ tó kú, ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré, wọ́n ní.

Mo mọ̀ pé èérí ẹ̀tù máa ń fa omi, inú ọ̀pá á sì dípẹtà bí a kò bá tètè fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ká fi epo pa á. Igi ìdí ìbọn náà ló ń bà mí lẹ́rù: ó ti sán níbi ọrùn, awọ ni wọ́n fi dè é. Bó bá là pátápátá ńkọ́?

Èyí tó tún dùn mí jù, àbúrò mi ti fi sáńpépà ha ọ̀pá náà kó lè máa dán. Ó rò pé òun ń ràn mí lọ́wọ́ ni! Àwọ̀ dúdú tí ọjọ́ fi sí i lára ti ṣí. Ṣé ìyẹn ò ti bà á jẹ́ ju yíyìn lọ? Àbí ká kúkú yá ìbọn ẹlòmíì?