Ẹ̀sùn metagaming lórí server wa: ta ni ó yẹ kí ó mú ẹ̀rí wá?

Alábòójútó_Òru:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa. Mo wà lára àwọn alábòójútó server roleplay kan (ibi ìṣeré orí íntánẹ́ẹ̀tì tí olúkúlùkù ti ń ṣe bí ẹ̀dá-ìtàn kan) tí a gbé ka orí FiveM, ètò tí ó ń jẹ́ kí a ṣe GTA V lórí server tiwa. Ẹjọ́ metagaming kan, ìyẹn ni fífi ohun tí a mọ̀ lóde eré ṣiṣẹ́ nínú eré, wà nílẹ̀ tí ó ti pín wa sí méjì, tí mo fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí.

Àwọn òṣèré mẹ́ta tí ẹ̀dá-ìtàn wọn jẹ́ adigunjalè fọ́ báńkì kan nínú eré, wọ́n sì gbé ọkọ̀ tí owó náà wà nínú búùtù rẹ̀ lọ pamọ́ sí gáréèjì abẹ́ ilẹ̀ kan. Kò pẹ́ rárá tí ọlọ́pàá kan fi wọ ibẹ̀ wá. Ọ̀kan nínú àwọn adigunjalè náà ń gba eré rẹ̀ sílẹ̀, fídíò rẹ̀ sì fi hàn kedere pé ọlọ́pàá yìí rìn kọjá lára ọkọ̀ mẹ́ta láì tilẹ̀ yọjú wo inú wọn, ó dúró nídìí ẹ̀kẹrin, ó tẹ /me (àṣẹ tí a fi ń kọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn ń ṣe) pé òun ń ṣí búùtù, ó sì bá owó níbẹ̀. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé orí Discord, ètò ìsọ̀rọ̀ tó wà lóde eré, nìkan ni àwọn ti dárúkọ gáréèjì náà, àti pé ọ̀rẹ́ ọlọ́pàá yìí wà nínú ìkànnì ohùn kan náà pẹ̀lú wọn nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Ọlọ́pàá ní tirẹ̀ sọ pé ẹnìkan tí òun pàdé lójú títì nínú eré ni ó ta òun lólobó, ṣùgbọ́n òun kò bèèrè orúkọ onítọ̀hún, òun kì í sì í gba eré òun sílẹ̀ nítorí pé kọ̀ǹpútà òun kò lè gbé e.

Ìdajì nínú wa gbà pé bí ó ṣe rìn tààrà lọ sídìí ọkọ̀ náà ti tó láti dá a lẹ́bi. Ìdajì yòókù ní a kò lè fìyà jẹ ènìyàn nítorí ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni òfin wa ní lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn ni pé "metagaming jẹ́ èèwọ̀", kò sì sọ ohun tí a lè pè ní ẹ̀rí. Ta ni ó yẹ kí ó mú ẹ̀rí wá, ṣé ẹni tó fẹ̀sùn kàn ni àbí ẹni tí a fẹ̀sùn kàn? Kí sì ni kí a ṣe sí eré tó ti wáyé, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀dá-ìtàn mẹ́ta ti wà lẹ́wọ̀n báyìí nítorí rẹ̀?

Fìlà_Dúdú:

Lójú tèmi, ẹjọ́ yìí kò le. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Ọ̀rẹ́ ọlọ́pàá gbọ́ ọ̀rọ̀ lórí Discord, ọlọ́pàá sì gba ọ̀nà ibẹ̀ lọ láì yà síbìkan. Bí ẹ bá ní ẹ ó dúró de ẹni tí yóò gbé ọ̀rọ̀ Discord wá fún yín, ẹ ó dúró títí ni, nítorí kò sí ẹni tí í fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ wá. Lórí server tí mo ti ń ṣeré, bí ènìyàn bá wọ ìbòjú, tí ẹni tí kò pàdé rẹ̀ rí bá fi orúkọ rẹ̀ kí i, a kì í ṣe ìwádìí kankan. A mọ̀ pé orúkọ tó ń léfòó lókè orí ẹ̀dá-ìtàn náà ni ó kà, ìkìlọ̀ sì ni yóò gbà lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀jẹ̀_SAMP:

Ẹ kú iṣẹ́ ìdájọ́, Alábòójútó_Òru. Ọ̀rọ̀ tí Fìlà_Dúdú sọ yẹn dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ṣèdájọ́ lójoojúmọ́ yóò lé àwọn òṣèré tó mọ iṣẹ́ ọlọ́pàá jù lọ kúrò lórí server rẹ̀, nítorí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ni ó máa ń tètè rí nǹkan. Ọ̀rọ̀ ìbòjú yàtọ̀ sí èyí, nítorí pé níbẹ̀, kò sí ọ̀nà mìíràn tí orúkọ fi lè dé etí onítọ̀hún. Níhìn-ín, ọ̀nà pọ̀.

Metagaming ni kí òṣèré fi ohun tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ lóde eré ṣiṣẹ́ fún ẹ̀dá-ìtàn tí kò ní ọ̀nà kankan láti mọ̀ ọ́n nínú eré. Ó ti wà kí a tó máa ṣeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń ṣe Dungeons & Dragons lórí tábìlì, eré tó jáde ní 1974, mọ̀ ọ́n dáadáa: òṣèré tó ti ka ìwé òfin mọ̀ pé ọgbẹ́ ara troll a máa jinná fúnra rẹ̀ àfi bí iná tàbí ásíìdì bá jó o, nítorí náà, jagunjagun rẹ̀ tí kò rí troll rí láyé a ti na ọwọ́ sí ògùṣọ̀ kí ẹranko náà tó bú ramúramù. Ẹ wò ó dáadáa, kì í ṣe ògùṣọ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Bí àgbàlagbà kan nínú ìtàn bá ti kìlọ̀ troll fún jagunjagun yẹn, kò sí ẹjọ́. Ọ̀nà tí ìmọ̀ gbà dé ni kí ẹ máa wò.

Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ bi ọlọ́pàá náà bóyá ó ṣe metagaming. Yóò sọ pé rárá, yálà ó ṣe é tàbí kò ṣe é. Ẹ bi í pé ta ni ó sọ fún un, níbo, nígbà wo, kí sì ni onítọ̀hún sọ gan-an. Ẹni tó fẹ̀sùn kàn ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé ohun kan ṣẹlẹ̀ tó nílò àlàyé, fídíò yẹn sì ti ṣe ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ó kan ẹni tí a fẹ̀sùn kàn láti la ọ̀nà tirẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ̀yin alábòójútó sì lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó sì ṣeé yẹ̀ wò! Àwọn ènìyàn tí kọ̀ǹpútà ń darí lójú títì inú eré kì í ta ọlọ́pàá lólobó. Bí ẹnìkan bá bá a sọ̀rọ̀ lóòótọ́, òṣèré bíi tiwa ni, server yín sì ní àkọsílẹ̀ ẹni tó wọlé àti ìgbà tó jáde. Ẹ mú orúkọ gbogbo àwọn tó wà lórí server ní àkókò yẹn, kí ẹ bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n mọ èsì tí ẹ ń wá.

Láyé SA-MP, ètò tí a fi ń ṣe GTA: San Andreas lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó jáde ní 2006, títẹ̀ ni a ń tẹ ọ̀pọ̀ roleplay wa. Ọ̀rọ̀ inú eré lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ òde eré tí a fi /b sọ lọ́tọ̀, gbogbo rẹ̀ a sì wà nínú àkọsílẹ̀ tí alábòójútó lè padà kà. Ohùn ni gbogbo wa ń lò báyìí, ọ̀pọ̀ server kì í sì í gba ohùn sílẹ̀. Láti ìgbà tí Discord ti dé ní 2015, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ní yàrá ìsọ̀rọ̀ tirẹ̀ tí ojú alábòójútó kò tó, ìjà yìí kò sì ní ṣàì máa pọ̀ sí i.

Adájọ́_Ìgboro:

Mo tún ẹ̀sùn náà kà, nítorí ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Àwọn adigunjalè fúnra wọn ni ó fi ẹnu ara wọn sọ pé orí Discord nìkan ni àwọn ti dárúkọ gáréèjì. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, báwo ni ẹ̀dá-ìtàn wọn ṣe mọ ibi tí ọkọ̀ wà? Ṣé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ wà nínú ọkọ̀ náà ni? Bí ẹnìkan nínú wọn bá gba ọ̀nà mìíràn sá lọ, tí kò sì sí ẹni tó pè é lórí fóònù tàbí rédíò inú eré, metagaming ni òun náà ṣe, àní òun ni ó kọ́kọ́ ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré o. Nígbà tí ọ̀tá bá ṣe metagaming sí wa ni a máa ń pariwo, bẹ́ẹ̀ èyí tí ọ̀rẹ́ ń ṣe láàárín ara wọn ni ó wọ́pọ̀ jù. Rédíò inú eré ṣeé gbà lọ́wọ́ ènìyàn, ẹlòmíràn sì lè ṣèèṣì wọ ìkànnì rẹ̀ kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀. Fóònù inú eré, ọlọ́pàá lè gbẹ́sẹ̀ lé e bí ó bá mú ẹni tó ni ín. Kò sí bí ọlọ́pàá inú eré ṣe lè gba Discord lọ́wọ́ adigunjalè, nítorí náà ẹni tó bá ń lò ó láàárín ìdigunjalè ti ní ohun ìjà tí ẹnìkejì rẹ̀ kò lè rà.

Ní ti àwọn tó wà lẹ́wọ̀n, ẹ dá kíka ọjọ́ wọn dúró títí ìwádìí yóò fi parí, ṣùgbọ́n ẹ má yára fagi lé eré náà. Bí kò bá ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí ó ṣẹlẹ̀, ẹ lè dá gbogbo nǹkan padà sí ipò rẹ̀. Bí ó bá ti pẹ́, agbẹjọ́rò ti gba owó, ẹlẹ́rìí ti sọ̀rọ̀, àwọn òṣèré tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ti kọ́ ìtàn tiwọn lé e lórí, àwọn wọ̀nyí ni ẹ ó sì fìyà jẹ bí ẹ bá pa á rẹ́.

Alábòójútó_Òru:

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ gbogbo yín. A ti ṣe bí Ọ̀jẹ̀ ṣe wí. Òṣèré kan tí ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ ń wa takisí sọ fún wa, láì jẹ́ pé a dárúkọ gáréèjì kankan fún un, pé òun dúró lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ lọ́jọ́ náà, pé ọkọ̀ funfun kan tí gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ ti fọ́ sáré wọlé, àti pé òun sọ bẹ́ẹ̀ fún ọlọ́pàá kan tó ń kọjá. A padà sídìí fídíò. Aláwọ̀ dúdú ni méjì nínú ọkọ̀ mẹ́ta tí ọlọ́pàá kọjá lára wọn; ẹ̀kẹta funfun, ṣùgbọ́n gíláàsì rẹ̀ pé. Ti ẹ̀kẹrin funfun ni, ihò ọta ìbọn wà lára ìlẹ̀kùn rẹ̀, kò sì sí gíláàsì lẹ́yìn rẹ̀ rárá. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ onítakisí kò ní ìdí láti wo àwọn yòókù.

A wá bi àwọn adigunjalè ní ìbéèrè Adájọ́_Ìgboro. Àwọn méjì jọ wà nínú ọkọ̀. Orí alùpùpù ni ẹ̀kẹta wà, ó gba ọ̀nà mìíràn lọ, kò sì sí ìpè kankan nínú àkọsílẹ̀ fóònù rẹ̀ kí ó tó yọ sí gáréèjì. Ó sọ pé ó ti mọ́ àwọn lára láti máa bá ara àwọn sọ̀rọ̀ lórí Discord. A dá ọlọ́pàá láre, ìdájọ́ ẹ̀wọ̀n dúró bí ó ṣe wà, a sì fún ẹni orí alùpùpù ní ìkìlọ̀ alákọsílẹ̀. Inú wọn kò dùn, wọ́n ní àwọn tó wá fi ẹjọ́ sùn ni a wá dá lẹ́bi.

Fìlà_Dúdú:

Ìwádìí yín dára, n kò bá yín jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ọlọ́pàá tó wà nínú ìkànnì ohùn àwọn adigunjalè ń kọ́? Onítakisí yín yẹn lè má sí níbẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, ọlọ́pàá tí kò ṣẹ̀ yóò sì di ẹlẹ́ṣẹ̀ nítorí ẹni tó ń bá rìn. Ẹ fi sínú òfin pé ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ bá tako ti ẹgbẹ́ kan kò gbọdọ̀ jókòó sínú ìkànnì wọn nígbà tí eré bá ń lọ lọ́wọ́, àti pé kí àwọn ẹgbẹ́ fúnra wọn máa pa Discord lẹ́nu mọ́ bí ìdigunjalè bá ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀jẹ̀_SAMP:

Mo fara mọ́ èyí. Ẹ fi ti àwọn tó ń tàtagbà eré wọn lórí Twitch náà kún un. Wíwo ìtàtagbà ẹni tí ẹ̀dá-ìtàn rẹ ń wá kiri jẹ́ èèwọ̀, kí atàtagbà náà sì lo ìdádúró tó wà nínú OBS, ètò tí a fi ń tàtagbà, kí àwòrán máa pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ òǹwòran.

Ohun kan tún wà tí àwọn òfin kì í sábà mẹ́nu bà. Bí òṣèré bá ṣèèṣì gbọ́ lóde eré pé wọ́n lúgọ de òun ní afárá kan, tí ó sì yà gba ọ̀nà mìíràn, gbogbo wa mọ orúkọ ìyẹn. Bí ó bá wá tìtorí pé kò fẹ́ kí wọ́n fẹ̀sùn kan òun, tí ó mọ̀ọ́mọ̀ gba orí afárá tí kì bá tí gbà tẹ́lẹ̀, ohun tó gbọ́ lóde eré náà ni ó ṣì ń darí rẹ̀. Lórí server tiwa, a ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ̀wé sí alábòójútó lójú ẹsẹ̀, kí ó sọ ohun tó gbọ́ àti ọ̀nà tí ó ti ní lọ́kàn láti gbà kí ó tó gbọ́ ọ, kí ó sì gba ọ̀nà yẹn gan-an. Bí wọ́n bá pa á níbẹ̀, a jẹ́ pé wọ́n pa á nìyẹn.

Alábòójútó_Òru:

A ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú òfin tuntun, àyàfi ti OBS, nítorí pé àwọn atàtagbà wa méjì ní àwọn òǹwòran àwọn kò fẹ́ ìdádúró kankan. Wọ́n ń bọ̀ wá bá wa jókòó lórí rẹ̀ lọ́la.